Kọ́ìlì Bàbà tí Ń Mú Omi Ọkà Tutù: Bí Ẹni tó Ń Pọn Bíà Nílé Ṣe Lè Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe É

Ẹni tó bá ra ohun èlò ìpọntí fún ìgbà àkọ́kọ́ ní London tàbí Houston yóò bá àṣẹ kan pàdé nínú ìwé ìlò rẹ̀: kó mú omi ọkà tó sè láti fi pọn bíà tutù kíákíá dé nǹkan bí 20°C kó tó da ìwúkàrà (yíìsì) sí i. Ọ̀pọ̀ ìwé ìlò kì í sọ bí èèyàn ṣe máa mú 20 lítà omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná tutù kíákíá. Ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní kí ẹ gbé ìkòkò sínú firíìjì. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ da yìnyín lé e lórí, òmíràn á ní kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹni tó ń ta ohun èlò á ní àfi kí ẹ ra ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò ṣòro. Páìpù bàbà tí a ká róbótó ni, òun ni à ń pè ní kọ́ìlì, omi tútù ń gba inú rẹ̀ kọjá, a sì tì í bọ inú ìkòkò gbígbóná. Bí ẹ bá mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́, ẹ ó lè ṣe é fúnra yín, ẹ ó sì mọ ibi tí kò yẹ kí owó yín lọ.

Ọ̀rọ̀ òfin kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Ní Britain, láti 1963 ni wọ́n ti fagi lé ìwé àṣẹ tí ẹni tó ń pọn bíà nílé gbọ́dọ̀ gbà. Ní Amẹ́ríkà, ààrẹ Jimmy Carter buwọ́ lu òfin tó fàyè gbà á ní oṣù kẹwàá ọdún 1978, àmọ́ ìpínlẹ̀ Alabama àti Mississippi kò fọwọ́ sí i títí di 2013. Mímu ni òfin gbà. Títà kò sí níbẹ̀.

Kí ni omi ọkà tí à ń sọ yìí?

Ọkà báálì tí wọ́n rẹ sómi, tó hù, tí wọ́n sì gbẹ padà ni à ń pè ní mọ́ọ̀tì. Apọntí á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, á rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná tó wà láàárín 65 sí 68°C fún bíi wákàtí kan, kí sítáàṣì inú rẹ̀ lè di ṣúgà. Omi dídùn tó bá sẹ́ kúrò lára ọkà náà ni àwọn apọntí òyìnbó ń pè ní wort. Omi ọkà ni màá máa pè é. A ó gbé e kaná, a ó sè é fún bíi wákàtí kan pẹ̀lú họ́ọ̀pù, ìyẹn òdòdó ewéko kan tó ń fún bíà ní kíkorò àti òórùn rẹ̀. Títí di àsìkò yìí, kò sí ọtí kankan nínú ìkòkò. Ìwúkàrà, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní yíìsì, ló máa jẹ ṣúgà náà tí yóò sì sọ ọ́ di ọtí.

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tàbí ọtí ọkà bàbà á rí i pé ọ̀nà náà jọra. Àgbàdo tàbí ọkà bàbà á hù, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á sì fi sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Nínú irú àwọn ọtí bẹ́ẹ̀, kíkan díẹ̀ wà lára adùn, nítorí náà kí ìkòkò wà nílẹ̀ mọ́jú kì í ṣe àbùkù. Ní ìlú Brussels, ilé ìpọntí Cantillon, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1900, mọ̀ọ́mọ̀ ń da omi ọkà gbígbóná sínú agbada fẹ̀ǹfẹ̀ kan tí kò jìn, tí wọ́n á fi sílẹ̀ láìbò di òwúrọ̀, kí ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ lè bọ́ sínú rẹ̀. Ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ pọn ló ń sọ bóyá ó yẹ kí ẹ kánjú. Àmọ́ bó bá jẹ́ bíà tó mọ́, tí kò kan, lẹ ń wá, ẹ gbọ́dọ̀ kánjú.

Kí ló dé tí a fi ń kánjú?

Omi tó ń hó kì í jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí gbèrú. Bí ooru rẹ̀ bá wá ń wálẹ̀ kọjá 60°C, ó di oúnjẹ fún wọn: ṣúgà kún inú rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì tíì sí ọtí tó lè lé wọn. Ìwúkàrà tí ẹ rà kò tíì lè wọ ibẹ̀, torí pé bí omi bá gbóná ju 40°C lọ, kíkú ló máa kú. Oríṣi bíà méjì ni èèlì àti láàgà: ìwúkàrà èèlì fẹ́ràn bíi 18 sí 22°C, ti láàgà sì ń fẹ́ ibi tó tutù jù bẹ́ẹ̀, bíi 8 sí 13°C. Gbogbo wákàtí tó bá wà láàárín ìgbà tí kòkòrò lè wọlé àti ìgbà tí ìwúkàrà lè wọlé, àǹfààní kòkòrò ni. Kíkúrú àkókò yẹn ni iṣẹ́ kọ́ìlì.

Ìdí mìíràn ni òórùn àgbàdo sísè tó máa ń wà nínú bíà kan. Mọ́ọ̀tì, pàápàá èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ gan-an, ní èròjà kan tí ooru ń sọ di ohun tí wọ́n ń pè ní DMS, òun ló ń mú òórùn yẹn wá. Bí ìkòkò bá ń hó láìdé e, DMS á máa bá èéfín omi jáde lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá pa iná tí omi náà wà ní gbígbóná fún ọ̀pọ̀ wákàtí, èròjà yẹn ṣì ń yí padà, híhó tó ń gbé òórùn náà jáde sì ti dáwọ́ dúró. Họ́ọ̀pù náà kì í sinmi: níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì gbóná tó 80°C, kíkorò ń pọ̀ sí i, bíà á sì korò ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Lẹ́yìn èyí, ìtutù òjijì máa ń mú kí púrótéènì dì pọ̀ kó sì rì sísàlẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí bíà mọ́ gaara.

Ti kòkòrò ni mo kà sí jù nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ní Australia, níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, kì í tilẹ̀ lo kọ́ìlì. Wọ́n ń da omi ọkà náà ní gbígbóná sínú kẹ́ẹ̀gì oníke tó lè gba ooru, wọ́n á dé e pinpin, ooru yẹn fúnra rẹ̀ á pa kòkòrò tó bá wà lára kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á sì jẹ́ kó tutù di ọjọ́ kejì. Bíà tó dára ń jáde lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà kọ́ìlì kì í ṣe dandan. Ohun tó ń ṣe fún yín ni pé ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ẹ ó sì parí lọ́jọ́ kan náà.

Firíìjì ńkọ́? Ìkòkò 20 lítà tó ń hó á lo ọ̀pọ̀ wákàtí níbẹ̀, á sì mú gbogbo oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbóná. Ẹ gbàgbé rẹ̀.

Báwo ni páìpù lásán ṣe ń mú ìkòkò tutù?

Ẹ wo ìyá tó fẹ́ fún ọmọ ní ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Á gbé kọ́ọ̀bù sínú abọ́ omi tútù, á sì máa fi ṣíbí rò ó. Ògì ń tutù, omi abọ́ ń gbóná. Nígbà tí omi abọ́ bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tán, á dà á nù, á bu òmíràn. Bí kò bá rò ó, etí kọ́ọ̀bù nìkan ló máa tutù, àárín rẹ̀ á ṣì lè jó ọmọ lẹ́nu.

Kọ́ìlì ń ṣe ohun kan náà, àmọ́ inú ògì ni a ki omi tútù sí dípò ìta. Ara páìpù ni ooru ń gbà kọjá, omi inú rẹ̀ kò sì kan omi ọkà rárá. Omi ẹ̀rọ tó ń wọlé láìdáwọ́ dúró ló dípò abọ́ tí ìyá ń dà nù. Bàbà ni a fi ń ṣe é nítorí pé ó ń gbé ooru kọjá ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju irin tí kì í dípẹtà lọ, ó sì rọ̀ débi pé ọwọ́ lásán lè tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí ni àlàfo tó wà láàárín ooru ìkòkò àti ti omi tó ń wọlé. Bí omi ọkà bá wà ní 100°C tí omi ẹ̀rọ sì jẹ́ 15°C, àlàfo náà jẹ́ 85, ooru á máa sá jáde. Bí omi ọkà bá ti dé 25°C, àlàfo ti di 10 péré, ìtutù á sì falẹ̀ dé bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò fi ń yára bọ́ sí 50°C, tó sì wá dà bí ẹni pé kò fẹ́ lọ mọ́. Kọ́ìlì yín kò bàjẹ́. Bí kọ́ìlì bá sì gùn dé Ìbàdàn, kò lè mú ìkòkò tutù ju omi tó ń gba inú rẹ̀ lọ.

Irú páìpù wo ló yẹ kí ẹ rà?

Fún 20 lítà, ẹ wá páìpù bàbà rírọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 3/8, ìyẹn nǹkan bí mìlímítà 10. Èyí tó gùn tó mítà 7.5 lè ṣe é, àmọ́ mítà 15 ni mo fẹ́ràn, nítorí bí ara bàbà tó kan omi ọkà bá ṣe pọ̀ tó ni ooru á ṣe máa yára jáde. Àwọn tó ń ṣe firíìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ló ń lo irú rẹ̀, kọ́pà ni wọ́n ń pè é. Ní Britain, àwọn púlọ́mbà ń lo èyí tó jẹ́ mìlímítà 10, a sì ń tà á ní kíká.

Ẹ ṣọ́ra lórí ìwọ̀n bí ẹ bá wà ní Amẹ́ríkà. Páìpù tí wọ́n ń lò fún firíìjì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́, nítorí náà 3/8 níbẹ̀ jẹ́ 3/8 lóòótọ́. Àmọ́ 3/8 ti púlọ́mbà, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 1/2. Ẹni tí kò bá mọ èyí á gbé páìpù délé, ọ́ọ̀sì tó rà kò sì ní wọ̀ ọ́.

Páìpù tuntun nìkan ni kí ẹ lò. Èyí tí wọ́n tú lára ẹ̀rọ amúlétutù àtijọ́ ti ní ọ́ìlì àti gáàsì nínú, kò sì yẹ kó wọ inú ohun tí èèyàn máa mu, bó ti wù kó pọ́n dán tó. Ohun tó kù ni ọ́ọ̀sì rọ́bà méjì tó lè há mọ́ ẹnu páìpù, kílíìpù onísukúrù méjì, àti ohun tó máa so ọ́ọ̀sì kan mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi yín. Ọ́ọ̀sì tí omi máa gbà jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè gba ooru, torí pé omi tó kọ́kọ́ ń jáde máa ń gbóná tó èyí tó lè bó èèyàn lára. Ọ́ọ̀sì funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó máa ń rọ̀ tó sì máa ń yọ kúrò lẹ́nu páìpù. Ẹ má fi owó díẹ̀ ra ewu.

Báwo la ṣe ń ká a?

Ẹ kọ́kọ́ wọn ìkòkò yín. Ká ní inú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 35, omi ọkà 20 lítà á ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 21 nínú rẹ̀. Ẹ wá ohun róbótó tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 24, bí ìkòkò kékeré, garawa ọ̀dà, tàbí kẹ́ẹ̀gì, kí àyè lè wà láàárín kọ́ìlì àti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ńlá. Ìká kọ̀ọ̀kan á jẹ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 75 páìpù. Bí ẹ bá fi bíi mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ méjèèjì, mítà 13.5 tó kù á fún yín ní ìká 18. Wọ́n á ga tó sẹ̀ǹtímítà 18 bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra, àyè á sì kù fún yín láti yà wọ́n díẹ̀díẹ̀, kí omi ọkà lè máa gba àárín wọn kọjá.

Páìpù ti wà ní kíká nígbà tí ẹ rà á, ẹ má fà á ná. Ẹ máa yí i lé ara ohun róbótó náà díẹ̀díẹ̀, kí àtàǹpàkò máa tẹ̀ lé e. Ibi tó gbòòrò kì í sábà fún ẹnikẹ́ni ní ìṣòro. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni ewu wà, níbi tí páìpù gbọ́dọ̀ ti ṣẹ́ gbọnrangandan lọ sókè: ibẹ̀ ló máa ń fún pọ̀, omi ò sì ní lọ dáadáa mọ́. Àwọn tó ń ṣe firíìjì ní sípíríìngì kan tí wọ́n ń kì bọ ara páìpù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ da iyọ̀ gbígbẹ sínú páìpù títí á fi kún, ẹ dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Iyọ̀ sàn ju yanrìn lọ, nítorí omi gbígbóná á yọ́ gbogbo rẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì ga ju ẹnu ìkòkò lọ, kí wọ́n sì tẹ̀ wálẹ̀ sí òde. Ibi tí ọ́ọ̀sì àti páìpù ti pàdé ló sábà máa ń jò, bó bá sì ń jò, ilẹ̀ ló yẹ kó máa jò sí, kì í ṣe inú bíà yín. Mo ti rí kọ́ìlì tó rẹwà gan-an tí kílíìpù rẹ̀ wà ní òkè ìkòkò gan-an, omi ẹ̀rọ tí a kò sè sì ń kán sínú omi ọkà láìsí ẹni tó fura. Kí ìká má baà fò káàkiri, ẹ fi wáyà bàbà dì wọ́n pọ̀ níbi mẹ́ta. Ẹ kò nílò láti jó o pọ̀. Bó bá jẹ́ dandan, ẹ má lo òjé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọṣẹ fọ ọ́ nínú àti lóde kí ọ́ìlì ilé iṣẹ́ lè kúrò, ẹ fi fínígà nù ún, ẹ ṣàn án. Ẹ wá so ó mọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ ṣí omi gan-an, kí ẹ sì wo gbogbo ìsopọ̀ kí ọjọ́ ìpọntí tó dé.

Kí la máa ṣe lọ́jọ́ ìpọntí?

Ẹ ti kọ́ìlì bọ inú ìkòkò tó ń hó nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 15 kí ẹ pa iná. Híhó yẹn ló máa pa kòkòrò ara rẹ̀, kò sí oògùn tí ẹ máa fi nù ún. Bí omi àná bá ṣẹ́kù nínú kọ́ìlì, yóò hó, yóò sì fọ́n jáde lẹ́nu ọ́ọ̀sì, nítorí náà ẹ gbọ̀n ọ́n gbẹ ṣáájú, kí ẹ sì ti ẹnu ọ́ọ̀sì tó ń jáde bọ inú garawa, jìnnà sí ọmọdé. Ọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ kan ara ìkòkò tàbí iná.

Ẹ pa iná, ẹ ṣí omi. Láti ìgbà yìí, ẹ má fọwọ́ lẹ́rán. Omi ọkà tó yí páìpù ká á tutù, á sì dúró síbẹ̀ bí aṣọ, nígbà tí àárín ìkòkò ṣì gbóná. Ẹ di ẹsẹ̀ kọ́ìlì mú, kí ẹ máa gbé e sókè sódò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tàbí kí ẹ fi ṣíbí gígùn tó mọ́ ro ìkòkò. Èyí nìkan máa ń gé àkókò kù ju kí ẹ fi mítà páìpù kún un lọ, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Omi tó máa jáde lè tó 100 lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀. Garawa àkọ́kọ́, tó gbóná jù, dára fún fífọ ìkòkò àti ohun èlò. Ìyókù lè lọ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ tàbí sídìí igi. Bí bàbà bá jáde pẹ̀lú dídán ju bó ṣe wọlé lọ, ẹ má bẹ̀rù: omi ọkà máa ń kan díẹ̀, ó sì máa ń bó ìdọ̀tí ara bàbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí àwọ̀ ewé lára rẹ̀ kí ẹ tó lò ó, fínígà ni kí ẹ fi bó o kúrò, torí májèlé ni.

Bí omi ẹ̀rọ yín bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ńkọ́?

Nígbà òtútù ní London, omi ẹ̀rọ nìkan ti tó. Ní Houston nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí ní Èkó nígbàkígbà, omi á dé ibì kan, kò sì ní lọ mọ́, nítorí omi tó ń wọlé fúnra rẹ̀ kò tutù. Ibí ni yìnyín ti wúlò, ibí náà ni ọ̀pọ̀ ti ń fi yìnyín ṣòfò.

Láti mú 20 lítà kúrò ní 100°C dé 20°C pẹ̀lú yìnyín nìkan, ẹ máa nílò nǹkan bí kílò 16. Ṣùgbọ́n bí omi ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ gbé e wálẹ̀ dé 35°C, èyí tí omi Èkó pàápàá lè ṣe, kílò 3 péré ló máa parí ìyókù, bí gbogbo ìtutù rẹ̀ bá wọnú ìkòkò. Nítorí pé díẹ̀ máa ń sọnù sí afẹ́fẹ́ àti sí ara garawa, ẹ ra kílò 5 tàbí 6. Ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ lásán ṣe iṣẹ́ tó pọ̀, kí yìnyín wá gba ìparí, níbi tí àlàfo ti kéré tí omi ẹ̀rọ kò lè ṣe nǹkan kan mọ́.

Ẹ má da yìnyín ọjà sínú omi ọkà, nítorí ẹ kò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ da á sínú garawa pẹ̀lú omi díẹ̀, kí ẹ ti pọ́ǹpù kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi bọ̀ ọ́, irú èyí tí wọ́n ń lò fún àpótí ẹja. Bí omi ọkà bá dé 35°C, ẹ yọ ọ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ so ó mọ́ pọ́ǹpù, kí ẹ sì dá ọ́ọ̀sì tó ń jáde padà sínú garawa yìnyín. Omi kan náà á máa yí po, ẹ kò ní máa da omi nù mọ́.

Ẹ̀rọ mìíràn wà: èyí tí omi ọkà ń gba inú páìpù bàbà tí omi tútù sì ń gba ọ̀nà òdìkejì nínú ọ́ọ̀sì tó yí i ká, àti èyí tó jẹ́ àwo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra. Méjèèjì yára, wọn kì í sì í gba omi púpọ̀. Ṣùgbọ́n inú wọn ni omi ọkà ń gbà, ojú kò sì lè rí bóyá ó mọ́. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, kọ́ìlì tó ń wọ inú ìkòkò ni kó lò, torí ìta rẹ̀ nìkan ló kan bíà, ẹ sì lè rí gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí tẹmómítà bá ka 20°C, ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ yọ kọ́ìlì, ẹ ṣàn án, kí ẹ gbọn omi inú rẹ̀ dànù kó tó dì mọ́ ọn. Láti ìsinsìnyí lọ, ohunkóhun tó bá kan omi ọkà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹ ti fi oògùn apakòkòrò fọ̀. Ẹ da omi ọkà láti òkè sínú garawa ìpọntí kó lè ru fọ́ọ̀mù, nítorí ìwúkàrà nílò afẹ́fẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ bu ìwúkàrà sí i, kí ẹ sì dé e.